Jìọ́lọ́jì, jìọ́gíráfì àbí ìmọ̀ àyíká: ẹ fi odò Ọ̀ṣun wọ̀n wọ́n wò

Bí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde báyìí, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ilé ìwé àti òbí wọn máa ń gbé wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé jìọ́lọ́jì ni kí n mú ni, àbí jìọ́gíráfì, àbí ìmọ̀ àyíká? Ṣebí ohun kan náà ni wọ́n?" Wọn kì í ṣe ohun kan náà. Lóòótọ́, ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀, omi kan náà ni wọ́n ń bù, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kálukú ń bi ilẹ̀ náà yàtọ̀, irinṣẹ́ ọwọ́ wọn yàtọ̀, ibi tí iṣẹ́ wọn ti máa ń sú èèyàn náà yàtọ̀. Ti ìgbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ mú ní pàtàkì, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀. Ohun tó dùn nínú iṣẹ́ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Ohun tó ń súni nínú rẹ̀ ni èèyàn máa bá sùn, tí á sì bá jí.

Kí n má fi pa mọ́ fún yín, jìọ́gíráfì lèmi kà. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí èmi àti àwọn ará jìọ́lọ́jì àti àwọn ará ìmọ̀ àyíká ti jọ ń wọ igbó, tí a jọ ń mu gààrí lẹ́yìn mọ́tò. Mo ti rí ẹni tó ka ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí inú rẹ̀ ń dùn sí i lójoojúmọ́. Mo sì ti rí ẹni tó kà á tán, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó ní òun ò fẹ́ rí òkúta mọ́ láyé òun.

Odò kan, èèyàn mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú odò Ọ̀ṣun. Ìgèdè-Èkìtì ló ti ṣẹ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí igbó Ọ̀ṣun wà, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ara àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Ó sọ̀kalẹ̀ dé Aṣejire, níbi tí wọ́n ti dí i kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò, ó wá lọ dà sínú ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́. Omi tí àwọn èèyàn ń bù mu lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun nìyẹn. Láti ìgbà tí àwọn awawúrà ti pọ̀ lágbègbè Iléṣà, tí wọ́n ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn bọ́ sínú Ọ̀ṣun, omi náà ti yí padà. Ó pọ́n, ó ki, ó dà bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò tán.

Ká ní olùwádìí mẹ́ta dé etí odò náà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ará jìọ́lọ́jì ò ní pẹ́ létí omi. Òkè odò ló máa forí lé, ó di Iléṣà, ó di Iperindo, níbi tí wúrà ti wà nínú òkúta funfun tó la àárín àpáta dúdú kọjá bí iṣan ara. Ó máa fi òòlù fọ́ ọ, torí pé ara òkúta tí òjò àti oòrùn ti ń nà láti ọjọ́ yìí wá máa ń tanni jẹ. Inú rẹ̀ ló ń sọ òtítọ́. Ó máa gbé awò kékeré kan sójú, ó máa gbé òkúta náà súnmọ́ awò ọ̀hún títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, á wá wò ó bóyá ohun tó ń dán yẹn wúrà ni àbí ayédèrú. Ó máa fi kọ́ńpáàsì wo ibi tí ìlà funfun náà dorí kọ àti bó ṣe tẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Ohun tó ń wá ni pé: kí ló wà nínú àpáta yìí, báwo ló ṣe débẹ̀, ibo ló tún kù sí, kí ni ohun mìíràn tó bá wúrà náà rìn? Ọjọ́ orí ohun tó ń bá ṣiṣẹ́ kì í ṣe ti ọmọ aráyé. Àpáta abẹ́ Iléṣà yẹn ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún.

Ará ìmọ̀ àyíká ní tirẹ̀ ò ní kúrò létí omi. Ìgò ló kó wá, pẹ̀lú kúlà tí wọ́n kó yìnyín sí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bó ṣe ń ṣe é, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí a kàn bu omi ni. Ó máa wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó máa kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kó má baà jẹ́ ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ rú sókè ni yóò bù. Ó máa fi omi odò náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dà á nù sí ìsàlẹ̀ odò, kó tó wá bu èyí tó fẹ́ gbé lọ. Bó bá jẹ́ irin olóró ló ń wá, ó máa kán ásíìdì díẹ̀ sí i, nítorí pé bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, irin tó wà nínú omi lè lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kí yàrá àyẹ̀wò wá sọ pé omi mọ́ nígbà tí kò mọ́. Ó máa kọ ọjọ́, aago àti ibi tó ti bù ú sára ìgò. Lẹ́yìn náà, ó máa lọ sí òkè pátápátá, níbi tí ọwọ́ àwọn awawúrà kò tíì dé, ó máa bu òmíràn níbẹ̀, kó lè rí èyí tí yóò fi wé e. Ó lè jẹ́ ogún ìgò lọ́jọ́ kan. Ó sì gbọ́dọ̀ padà wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, torí pé omi tó pọ̀ máa ń bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: kí ló wọ inú omi yìí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó, ta ni yóò pa lára, báwo la ṣe máa mú un kúrò?

Mo ti rí i tí iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ṣòfò nítorí báírò. Ọwọ́ mi ló ti ṣẹlẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ nǹkan sára ìgò lọ́jọ́ náà, mo sì fi báírò lásán kọ ọ́. Nígbà tá a fi máa dé yàrá àyẹ̀wò, yìnyín ti yọ́, omi rẹ̀ ti fọ gbogbo ìkọ̀wé dànù. Ìgò mẹ́rìndínlógún wà níwájú wa, ẹnikẹ́ni ò sì mọ èwo ni ti òkè odò, èwo ni ti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá wa ò pariwo. Ó da gbogbo rẹ̀ nù níṣojú mi, ó ní ká múra fún ọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ tó bá bi mí: ẹni tí kò bá lè ṣe ohun kékeré kan náà nígbà ogún, kí ogún náà sì péye, kó má gba iṣẹ́ yìí.

Ará jìọ́gíráfì wá ńkọ́? Òun ló máa bi àwọn méjì yòókù pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí? Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?" Àwòrán sátẹ́láìtì ló máa kọ́kọ́ kó jọ. Láti ọdún 1972 ni Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ ayé láti òkè. Láti ọdún 2015 ni Sentinel-2 ti ń ya èyí tó tún hàn kedere jù ú lọ, tí ẹyọ kan lórí àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá lórí ilẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Á wá tò wọ́n lọ́dọọdún, á rí bí ihò àwọn awawúrà ṣe ń jẹ oko kòkó lọ díẹ̀díẹ̀, á rí odò wo ló kọ́kọ́ pọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá dúró síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì tó ìdajì. Ó gbọ́dọ̀ wọ abúlé, kó bi àwọn ìyá tó ń pọnmi níbi tí wọ́n ti ń pọn ọ́n báyìí àti bí ó ṣe jìnnà tó. Ó gbọ́dọ̀ bi àgbẹ̀ tó yá awawúrà nílẹ̀ ní iye tó gbà, kó fi wé iye tí kòkó ń mú wọlé. Àpáta ò sọ ìdí tí àgbẹ̀ fi gbà kí wọ́n gbẹ́ oko bàbá rẹ̀. Omi inú ìgò náà ò sọ ọ́.

Ibi tó ti ń súni

Jìọ́lọ́jì máa ń sú àwọn tó bá rò pé ìrìn àjò ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń lọ sí fíìdì, wọ́n sì máa ń gun òkè Ìdànrè tàbí kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ewékorò, kí wọ́n kán ásíìdì sí i, kó máa hó yaya lójú wọn. Àwòrán ìyẹn ni ẹ máa ń rí lórí Facebook. Ohun tí kì í hàn ni àpò òkúta tí wọ́n fi ẹ̀yìn gbé sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí òkúta bá sì délé, wọ́n máa ń gé e, wọ́n á máa rẹ́ ẹ títí á fi fẹ́lẹ́ tó 0.03 mìlímítà, tí ìmọ́lẹ̀ á fi là á kọjá, ẹni náà á wá jókòó ti maikirosíkóòpù fún wákàtí mélòó kan, á máa ka àwọn hóró inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn gbádùn èyí ju gbogbo nǹkan lọ: àwọ̀ tó ń yọ nínú òkúta lábẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ yẹn lẹ́wà ju aṣọ àdìrẹ lọ. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀wọ̀n ni.

Ti ìmọ̀ àyíká, mo ti sọ ọ́: àṣetúnṣe, àṣetúnṣe, àṣetúnṣe. Ó tún kù ọ̀kan. Ìjábọ̀ ni iṣẹ́ wọn máa ń parí sí, ìjábọ̀ náà sì máa ń wà níwájú ìjọba àti iléeṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tí kò bá lè di ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n bá ní kó bu iyọ̀ sí i, iṣẹ́ yẹn máa dùn ún.

Jìọ́gíráfì ní tirẹ̀, jíjókòó síwájú kọ̀ǹpútà ni. Àwòrán tí ìkùukùu bò, àkọsílẹ̀ tí wọ́n pe Òǹdó ní orúkọ mẹ́ta, ìbéèrè kan náà tí a máa bi 300 agbo ilé. Mo ti bi ìbéèrè kan náà títí ó fi ń jáde lẹ́nu mi lójú oorun. Èmi gbádùn rẹ̀ síbẹ̀, torí pé gbogbo ilé ló ní ìtàn tirẹ̀, ilé kan ṣoṣo sì lè sọ ohun kan tó máa tú gbogbo ohun tí ẹ ti rò tẹ́lẹ̀ ká.

Kọ́ọ̀sì wo ní iléèwé wo

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ pariwo rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ní ọ̀pọ̀ fásitì àti pólì, tí ẹ bá rí ẹ̀ka tí wọ́n kọ "Environmental Sciences" sí i lára, àwọn tó wà níbẹ̀ ni àwọn ayàwòrán ilé, àwọn aṣírò owó ilé kíkọ́, àwọn tó ń kọ́ nípa títa ilé àti ilẹ̀, àti àwọn tó ń ṣètò ìlú. Iṣẹ́ gidi ni gbogbo wọn, àmọ́ kò sí èyí tó máa kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń wá mẹ́kúrì (irin olóró tí àwọn awawúrà fi ń yọ wúrà) nínú omi Ọ̀ṣun. Ọmọ kan tí mo mọ̀ lo ọdún kan gbáko níbẹ̀ kó tó mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ kọ́ nìyí. Orúkọ tí ẹ máa wá ni èyí tó ní àbójútó àyíká tàbí ìmọ̀ oró nínú. FUNAAB ní Abẹ́òkúta, fún àpẹẹrẹ, ní Environmental Management and Toxicology. OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ní odindi ìnsítítiùtì fún ẹ̀kọ́ àyíká, pàápàá fún ẹni tó bá ti gba dìgírì àkọ́kọ́.

Jìọ́lọ́jì ò ní ìdààmú orúkọ tó bẹ́ẹ̀. Ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ifẹ̀. FUTA ní Àkúrẹ́ ń pe tirẹ̀ ní Applied Geology. Ọmọ tí físíìsì, kẹ́mísírì àti ìṣirò bá ń lé sá, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ lóró. Ìmọ̀ àyíká fẹ́ kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì ju físíìsì lọ. Jìọ́gíráfì ló gbà ọmọ láyè jù: ní OAU àti UNILAG, abẹ́ ìmọ̀ àwùjọ ló wà, nítorí náà ọmọ tó ṣe ẹ̀ka art lè rí ọ̀nà wọ ọ́. Àmọ́ kí ó má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò o. Ó ń dúró dè é ní ọdún kejì. Bó bá wá jẹ́ pé máàpù àti àwòrán sátẹ́láìtì nìkan ló wù ú, FUTA ní ẹ̀ka kan tó dá dúró fún un. Nínú ọgbà OAU kan náà ni AFRIGIST sì wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní iṣẹ́ yìí láti ọdún 1972.

Kí ẹ yẹ ìwé JAMB ti ọdún yín wò kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Àpapọ̀ ẹ̀kọ́ (subject) tí wọ́n ń béèrè máa ń yí padà láti fásitì dé fásitì.

Owó ńkọ́?

Kò sí òbí tí kì í béèrè. Epo rọ̀bì ló sọ jìọ́lọ́jì di gbajúmọ̀, ọ̀pọ̀ sì ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ epo lọ́kàn. Iye àyè tó wà níbẹ̀ kéré sí iye ọmọ tó ń jáde. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ń fi jìọ́lọ́jì tọ́mọ, lórí omi ni wọ́n wà, lórí òkúta fífọ́, lórí kùsà àti lórí sìmẹ́ńtì. Láti ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ Ewékorò ti ń jó òkúta ibẹ̀ di sìmẹ́ńtì, wọn kò sì lè máa wa òkúta láìsí ẹni tó mọ ibi tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ máa bu ọwọ́ lu ìjábọ̀ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú COMEG, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ẹnjiníà kùsà.

Òfin ló ń bọ́ ará ìmọ̀ àyíká. Lọ́dún 1988, wọ́n rí oró tí wọ́n kó wá láti Ítálì dà sí Kókó, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà òde òní. Ọ̀rọ̀ náà mì gbogbo ìlú, ọdún yẹn náà ni ìjọba dá FEPA, àjọ ààbò àyíká ìgbà náà, sílẹ̀. Nígbà tó di 1992, òfin jáde pé iṣẹ́ ńlá kankan kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti yẹ ohun tó máa ṣe fún àyíká wò. NESREA, àjọ tó ń rí i pé wọ́n pa òfin àyíká mọ́, dé lọ́dún 2007. Òpópónà, iléeṣẹ́, kùsà, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó máa ṣe àyẹ̀wò yẹn. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú tèmi, òun lẹni tó lè yára rí iṣẹ́ jù níléeṣẹ́ aládàáni.

Jìọ́gíráfì ni àwọn èèyàn máa ń rò pé tíṣà nìkan ló ń sọni dà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ abúlé ni àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára kì í dé, torí pé kò sí lórí máàpù kankan. Àwòrán sátẹ́láìtì ni wọ́n fi wá àwọn abúlé náà rí, wọ́n kọ orúkọ wọn sórí máàpù, wọ́n sì fi GPS mọ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti rìn dé àti ibi tí wọn ò dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, WHO kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti kúrò ní Áfíríkà. Iṣẹ́ máàpù wà nínú ìyẹn. Ẹ tún wo Akin Mabogunje, tó kọ́ni ní jìọ́gíráfì ní Ìbàdàn, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wádìí bí ìlú ṣe ń dàgbà, tó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jìọ́gíráfì lágbàáyé, láti 1980 sí 1984. Ó di olóògbé lọ́dún 2022, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì wà nínú ètò ìlú wa títí dòní.

Tí ọ̀kan ò bá tó

Lọ́dún 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, Dareta àti Yargalma wà lára wọn. Gìrì ń mú wọn, wọn ò sì mọ ohun tó fà á. Wúrà ni àwọn òbí wọn ń wà. Wọ́n ń gbé òkúta wá sílé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, eruku rẹ̀ sì ń bà lé ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Òkúta tí wúrà yẹn wà nínú rẹ̀ ní òjé (lead), tó jẹ́ oró fún ara, tó pọ̀ gan-an. Ó lé ní 400 ọmọdé tó bá a lọ.

Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí pé kò sí ẹnì kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè dá a yanjú. Ará jìọ́lọ́jì ló lè sọ ìdí tí wúrà ibì kan fi bá òjé rìn tí ti ibòmíràn kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ará ìmọ̀ àyíká ló di ẹ̀rọ kékeré bí ìbọn mú, tó ń na án sí ilẹ̀ àgbàlá láti ka iye òjé inú rẹ̀, tó sì sọ ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ họ erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Ẹni tó mọ máàpù ló lè wá àwọn abúlé yòókù tó ń lọ òkúta kan náà kí àwọn ọmọ ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Dókítà wà níbẹ̀ náà. Ká ní ẹnì kan ti wo òkúta yẹn kí wọ́n tó gbé e wọ agbo ilé ni, à bá ti gba ọmọ là.

Ogoni ní Ìpínlẹ̀ Rivers, níbi tí epo rọ̀bì ti ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjábọ̀ tí UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, gbé jáde lọ́dún 2011 sọ pé ní Nisisioken Ogale, àwọn ará ibẹ̀ ń mu omi kànga tí benzene (oró kan tó máa ń wà nínú epo rọ̀bì) inú rẹ̀ ju òdiwọ̀n WHO lọ ní ìlọ́po 900. Ẹni tó ń wọn benzene ṣe tirẹ̀, àmọ́ kò ní mọ ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ náà ń gbé oró yẹn lọ bí ará jìọ́lọ́jì ò bá gbẹ́ kànga àyẹ̀wò.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó fẹ́ di olùwádìí tó ń rìn láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé kó kọ́kọ́ ta gbòǹgbò nínú ọ̀kan. Dìgírì àkọ́kọ́ ni kó fi ṣe èyí. Nígbà tó bá wá fẹ́ ṣe másítà tàbí dókítà, kó sọdá. Lóòótọ́, ó rọrùn láti ti jìọ́lọ́jì sọdá sí ìmọ̀ àyíká ju kéèyàn padà gba ọ̀nà yẹn lọ, nítorí físíìsì àti ìṣirò tó ti kọ́. WASCAL, ètò ẹ̀kọ́ gíga lórí ìyípadà ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Jámánì ń ràn lọ́wọ́, dára fún irú ìsọdá yìí: FUTA wà nínú rẹ̀, Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin wà nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi, ti Lomé ní Tógò náà wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan lè kúrò ní Àkúrẹ́ lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Kútọnu láìkúrò lágbègbè wa yìí.

Bó bá jẹ́ ìlú tàbí ìjọ yín ló ń wá olùwádìí

Kànga ẹ̀rọ ni ẹ fẹ́ gbẹ́? Ará jìọ́lọ́jì ni kẹ́ ẹ pè, ẹ pè é kí agbẹ́kànga tó dé. Ní ilé ìjọsìn kan tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, òfìfo ni méjèèjì, owó ìjọ sì lọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kàn na ìka sí ibi tó wù ú ni. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà. Omi ibẹ̀ ò pọ̀ káàkiri abẹ́ ilẹ̀ bíi ti yanrìn Èkó, inú ibi tí àpáta ti jẹrà tàbí tó ti là ló ń sápamọ́ sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lẹ́yìn náà pẹ̀lú bátìrì, wáyà tí wọ́n ká bí okùn aṣọ sísá àti irin mẹ́rin. Ó kan irin náà mọ́lẹ̀, ó ran iná sínú ilẹ̀, ó ń ka bí ilẹ̀ ṣe ń dènà rẹ̀, ó ń sún irin náà jìnnà síra wọn, ó tún ń kà á. Ó lo gbogbo àárọ̀. Ibi tó nà sí kò tó ogún ẹsẹ̀ sí èyí tó kọ́kọ́ gbẹ. Omi jáde níbẹ̀.

Omi ti wà, ṣùgbọ́n ó ń rùn tàbí ó ń fi àwọ̀ sára ìkòkò? Ará ìmọ̀ àyíká, kó gbé ìgò wá. Àgbàrá ló ń wọlé yín lọ́dọọdún? Ẹ pe ará jìọ́gíráfì kẹ́ ẹ tó da kọnkéré sí ibi kankan. Ìbàdàn mọ ọ̀rọ̀ yìí. Omíyalé Ọ̀gùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 àti èyí tó tún dé ní 26 oṣù kẹjọ 2011 gbé èèyàn lọ, gbé ilé lọ. Àwọn òkè bíi Màpó ń rọ omi sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì, ilé sì ti dí ojú odò. Kò sí bí gọ́tà iwájú ilé ẹnì kan ṣe máa ga tó, bí kò bá sẹ́ni tó wo gbogbo ilẹ̀ tí omi náà ti ń kó ara rẹ̀ jọ, ó máa padà wá.

Kí ẹ tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù

Ẹ mú ọmọ náà lọ sí odò tó súnmọ́ yín jù lọ́jọ́ Sátidé kan. Ẹ fún un ní ìgò mẹ́ta, ìwé ńlá kan, pẹ́ńsù àti òòlù kékeré. Ẹ ní kó kó òkúta márùn-ún tí kò jọra wọn, kó fọ́ wọn, kó ya ohun tó rí nínú wọn. Ẹ ní kó bu omi níbi mẹ́ta, kó kọ àwọ̀ àti òórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tún padà bu ú lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Ẹ ní kó ya máàpù ibẹ̀: ibi tí odò ti wọlé, ilé tó wà létí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, kó sì bi èèyàn mẹ́wàá ní ohun tí wọ́n ń fi omi náà ṣe. Ẹ má ṣe bá a ṣe é. Ẹ jókòó sábẹ́ igi, ẹ gbé oúnjẹ dání. Tó bá di ọ̀sán, ẹ pè é wá jẹun, kẹ́ ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi gbọ́ ìpè yín.